Àṣírù Ọlátúndé: Alágbẹ̀dẹ tó sọ òòlù di kálàmù

Ọdún 1918 ni wọ́n bí Àṣírù Ọlátúndé sí ìlú Òṣogbo. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni ó ti wá, iṣẹ́ náà ni ó sì kọ́ dàgbà. Nígbà tí ó yá, àìlera kò jẹ́ kí agbára rẹ̀ ká iṣẹ́ ẹwìrì àti owú mọ́. Kò tìtorí èyí káwọ́ gbera. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà ṣe yẹtí àti ohun ọ̀ṣọ́ kéékèèké, iṣẹ́ tí kò gba agbára púpọ̀.

Ulli Beier, ará Jámánì tí ó ti gbé ní Ìlobùú, ìlú tí ó múlé ti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, kí ó tó kó wá sí Òṣogbo, wà lára àwọn tí wọ́n rí ẹ̀bùn yìí, tí wọ́n sì gbà á níyànjú. Láti ìgbà náà ni Àṣírù ti ń fi òòlù lu àwòrán ènìyàn, ẹranko, igi, ìtàn Yorùbá àti ti inú Bíbélì sára bàbà àti alumíníọ́mù pẹlẹbẹ. Ẹwà iṣẹ́ rẹ̀ kò ti ara wúrà tàbí fàdákà tí a fi bo irin wá. Láti inú lílù ni.

Ọdún 1993 ni ó jáde láyé. Iṣẹ́ tí àìsàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun. Èyí tí ó fi rọ́pò rẹ̀ ni.