Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku: Àgbà Tí Kò Jẹ́ Kí Orí Ọmọ Tuntun Wọ́

Àwọn baba wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọkùnrin kan wà tí ó fi òwe yìí ṣiṣẹ́ ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi yan ìtàn rẹ̀ fún ìwé ìrántí wa.

Ọdún 1927 ni wọ́n bí Emmanuel Látúndé Odeku. Awẹ́, lẹ́bàá ìlú Ọ̀yọ́, ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ó kàwé ní Methodist Boys' High School ní Èkó kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní Yunifásítì Howard, ní ìlú Washington, ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1950, ó sì di dókítà ní 1954. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá ti dúró níbẹ̀. Òun tún gba Michigan lọ, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Edgar Kahn, ó sì yege ìdánwò ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ náà yanjú.

Àwa tí a wà lájò mọ bí ó ṣe máa ń rí. Bí owó bá ti ń wọlé, ọ̀nà ilé a máa jìn sí i. Kì í ṣe pé iṣẹ́ wọ́n Odeku ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ní 1962, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, níbi tí kò tíì sí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ rárá. Òun ni ó dá a sílẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ náà? Agbárí dà bí àpótí tí a kàn pa. Bí mọ́tò bá gbókìtì, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú orí, kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Yóò máa tẹ ọpọlọ títí ẹni náà yóò fi sùn tí kò ní jí mọ́. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni ó ń lu ihò sí agbárí kí ẹ̀jẹ̀ náà lè rí ọ̀nà. Òun náà ni ó ń yọ kókó inú ọpọlọ, tí ó sì ń fa omi tí ó bá kún orí ọmọdé. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ọpọlọ kedere lóde òní kò tíì sí ní Ìbàdàn nígbà náà. Wọ́n á fa oògùn sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì fi òye mọ ibi tí àrùn wà.

Odeku fiyè sí orí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ púpọ̀. Ní 1971, òun àti Dókítà Adélọlá Adélóyè kọ ìwádìí jáde lórí kókó kan tí wọ́n rí ní àwùjẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ìwé ìṣègùn kan ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pe àìsàn náà títí dòní. Kò di iṣẹ́ náà mọ́wọ́. Ó kọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó tún jẹ́ akéwì, ó tẹ ìwé ewì méjì jáde lédè Òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tọ́jú orí ẹlòmíràn ní àìsàn tirẹ̀ lára. Àtọ̀gbẹ ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 1974, ó kú ní London, ọmọ ọdún 47 péré. Ọdún méjìlá ni ó lò nídìí iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ó padà wálé.

Ẹ wo ohun tí ó kù. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìkàwé ìṣègùn ní Ìbàdàn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ Nàìjíríà ti pọ̀ tó láti ní ẹgbẹ́ tiwọn, Nigerian Academy of Neurological Surgeons. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí a bá ń dáwó lónìí, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ọmọ wa tí orí wọn pé, tí owó ilé ìwé ń dí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a tún máa sọ ọ̀nà ilé fún wọn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a sọnù sájò. Ire o.