Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, Ọmọ Òṣoogùn

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́dún yìí, ayé mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ ìlú rẹ̀. Àwọn kan rò pé ọmọ Abẹ́òkúta ni. Àwọn mìíràn ń pè é ní ará Sàró. Ọmọ Òṣoogùn ni, Òṣoogùn tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn lónìí.

Ẹni tí kò bá dé ọ̀dọ̀ wa rí lè rò pé igbó kìjikìji ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Bí òjò bá ti dá ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, ó di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin kí a tó tún rí i. Ọyẹ́ á máa fẹ́, koríko á gbẹ, odò kéékèèké á sì gbẹ pẹ̀lú. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba ẹṣin. Ẹṣin ni ó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di alágbára láyé àtijọ́, ẹṣin kan náà ni ó sì jẹ́ kí ó rọrùn fún ọ̀tá láti kó àwọn ìlú kéékèèké nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ ń wó lọ.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni a bí Àjàyí, láàárín ọdún 1806 sí 1809. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ ń tọ́jú oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ìròyìn dé pé ogun ti sún mọ́ ìlú. Àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́ ni ó kó ara wọn jọ. Òṣoogùn jà tó wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó fọ́. Bàbá Àjàyí sáré wálé láti kìlọ̀ fún ìdílé rẹ̀ pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ọmọ rẹ̀ kò tún fojú kàn án mọ́. Àfàlá, Àjàyí, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún kan, wà nínú àwọn tí a fi okùn sí lọ́rùn, tí a kó lọ sí Ìsẹ́yìn. Mùsùlùmí àti Kristẹni ni wá nínú ẹgbẹ́ yìí. A kò kọ èyí láti ru ìbínú sókè. Ọjà ẹrú ni ó ń bọ́ ogun ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá sì lè kó ẹlòmíràn ń kó o.

Ní Ìsẹ́yìn ni a ti fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Láti ibẹ̀ ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, a fi í gba tábà, a fi í gba ọtí. Ẹ̀rù àwọn Òyìnbó Àgùdà bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú lóru láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Níkẹyìn ó dé Èkó. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822 ni a kó o wọ ọkọ̀ ẹrú. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé ọkọ̀ náà bá, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Sàró.

Ohun tí ó ṣe ní Sàró, àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ ti sọ ọ́ tán. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1841 ó bá àwọn òyìnbó gun odò Ọya, níbi tí ibà ti pa èyí tí ó lé ní ogójì nínú wọn. Ní 1843 a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìgbà náà ni ó tó kọjú sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní Èkó ń gbé Festac àti agbègbè Trade Fair, lẹ́bàá títì Àgbádárìgì. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá dá wa dúró fún wákàtí méjì lójú títì náà, ariwo ni a ó máa pa. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ṣódẹkẹ́ tí ìbá gbà wọ́n ní Abẹ́òkúta kú, ọ̀nà sì dàrú, ó sì tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí wọ́n tó lè kọjá. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni a mú Àfàlá wá bá a. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. A ti tún ìyá náà tà, a sì ti rà á padà. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu ìkankan nínú wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1848 ó wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hannah.

Ìbéèrè kan wà tí ọmọ ìlú kì í ṣàì bi ènìyàn ńlá: kí ni ó kọ́ sílé? Àwọn mìíràn ń bi Bíṣọ́ọ̀bù náà ní ìbéèrè yìí nínú sàréè, a kò sì rò pé ó tọ́. Ogun ti tú Òṣoogùn ká kí irùngbọ̀n tó hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí a sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864, òun adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńgílíkà, a yọ Èkó àti Abẹ́òkúta kúrò lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn òyìnbó míṣọ́nárì, tí Henry Townsend jẹ́ aṣáájú wọn, kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú ṣe olórí wọn. Odò Ọya ni a fún un, láàárín àwọn tí òun náà ní láti kọ́ èdè wọn.

Ohun tí ó kọ́ sílé ni èdè. Ní 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1850 ìwé Róòmù jáde. Ní 1875 òun ni alága ìpàdé tí a ti fẹnu kò lórí àkọtọ́ ní Èkó. Ní 1884 odindi Bíbélì parí, òun àti àwọn mìíràn ni ó sì ṣe é. Ìró èdè Ọ̀yọ́ tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ tún kíyè sí i pé kò kórìíra àwọn tí ó kó o: àlùfáà àti wòlíì, tí a ń kà nínú Bíbélì títí di òní, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni a ti gbà wọ́n. Ohun kan wà tí a kò bá a gbà. Bí ó ṣe fi orúkọ Èṣù pe Sátánì ti ba orúkọ òrìṣà náà jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, ó sì ṣòro láti tún un ṣe mọ́.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́mọdé òyìnbó tí ọjọ́ orí wọn kò tó ti ọmọ rẹ̀ jókòó ní Onitsha, wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dìde, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891, a sì sin ín sí itẹ́ òkú Àjẹlẹ̀. Òyìnbó ni a fi sí ipò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury ìgbà náà, tọrọ ìdáríjì ní gbangba, nínú ilé ìsìn kan náà, fún ohun tí a ṣe sí ọmọ Àfàlá.