Kenneth Onwuka Dike

Kenneth Onwuka Dike (17 Oṣù Kejìlá 1917 – 26 Oṣù Kẹwàá 1983) jẹ́ onímọ̀ ìtàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àti olùdásílẹ̀ Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-èdè. Ìlú Awka ní ilẹ̀ Ígbò ni wọ́n ti bí i. Ó kàwé ní Fourah Bay ní Sàró àti ní Aberdeen, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní King's College, London, ní 1950. Ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè ẹnu Odò Ọya jáde ní 1956.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé òyìnbó gbà pé ènìyàn tí kò ní ìwé kò ní ìtàn. Dike kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ka ìtàn ẹnu àwọn àgbà sí ẹ̀rí. Síbẹ̀, kò fẹ́ kí èyí tí a ti kọ sílẹ̀ ṣègbé. Láti 1951, ó yẹ ìwé inú àwọn ọ́fíísì ìjọba wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ wà níbi tí ikán àti ọ̀rinrin ti ń jẹ wọ́n run. Àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ ló mú kí ìjọba dá ọ́fíísì ìpamọ́ ìwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1954. Òfin 1957 sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Dike fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ darí rẹ̀.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jàǹfààní nínú iṣẹ́ yìí. Ìwé ọ́fíísì ajẹ́lẹ̀ Òkìtìpupa wà ní ìpamọ́ ní Ìbàdàn. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó orí, kóòtù ìbílẹ̀, ààlà ilẹ̀ àti oyè máa ń wà. Òjò pọ̀ ní Ìkálẹ̀, igbó sì di. Bébà kì í pẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ojú tí ìjọba òyìnbó fi wo ipò Abodi ti Ìkọ̀yà láàárín àwọn ọlọ́jà yòókù kò lè fo àwọn ìwé náà dá. Àmọ́ ohun tí ajẹ́lẹ̀ gbọ́, tó sì yé e, ló kọ; ó yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú ìtàn àwọn àgbà tó so Ìkálẹ̀ mọ́ Ìbíní, gẹ́gẹ́ bí Dike ti ṣe nínú iṣẹ́ tirẹ̀.

Rògbòdìyàn 1966 lé e kúrò ní Ìbàdàn. Ó ṣojú Biafra lókè òkun nígbà ogun, ó sì kọ́ni ní Harvard lẹ́yìn náà kó tó padà wálé. Àwọn ìwé tó kó jọ kò bá a lọ. Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé ìkàwé yunifásítì náà.