Àjàyí Crowther àti ohùn orí ọ̀rọ̀-ìṣe

Nǹkan bí ọdún 1807 ni wọ́n bí Àjàyí ní Òṣogùn. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ja ìlú náà, wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀. Inú ọkọ̀ àwọn Potogí ni ó wà ní oṣù kẹrin ọdún 1822 tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó di Samuel Crowther.

Ní Freetown, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ wà pọ̀, kálukú pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Crowther gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì tẹ gírámà rẹ̀ ní 1852. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe wa kò ju sílébù kan lọ. Ohùn nìkan ni ó ya kọ, kọ́ àti kọ̀ sọ́tọ̀. Ní èdè Ítálì, ìtẹnumọ́ ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: parlo, tí a tẹnu mọ́ sílébù àkọ́kọ́ rẹ̀, ni mo ń sọ̀rọ̀, parlò, tí a tẹnu mọ́ ti ìkẹyìn, ni ó sọ̀rọ̀. Crowther fi àmì sórí fáwẹ̀lì kí òǹkàwé má baà ṣì í kà.

Ìpajẹ tún wà níbẹ̀: ṣe iṣẹ́ jẹ́ sílébù mẹ́ta, ṣiṣẹ́ jẹ́ méjì. Ohùn pàápàá ń yí padà: a ní ó rà á, ṣùgbọ́n ó ra aṣọ.

Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, Crowther tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun àti àwọn mìíràn túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní 1890, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí ó tó bí lọ́mọ ta kò ó lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní Odò Ọya. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1891.

Ní agbègbè Atakpamé, ɛ àti ɔ ni a fi ń kọ Ifẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ àti ọ ni. Lẹ́tà yàtọ̀, ìṣòro kan náà ni. Ẹni tí ó bá fo àmì ohùn dá, òǹkàwé ni ó di ẹrù rù: ṣé ẹni náà kọ ìwé ni, àbí ó kọ́ ọ, àbí ó kọ̀ ọ́?