Nana Asma'u, Ọmọbìnrin Ṣéù: Ilé Ẹ̀kọ́ tí kò Ní Ògiri

Nígbà tí a bá ń dárúkọ àwọn tí wọ́n tan ìmọ̀ Ìsìláámù ká ilẹ̀ Haúsá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọkùnrin ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu: Ṣéù Usman dan Fodio, àbúrò rẹ̀ Abdullahi, àti ọmọ rẹ̀ Muhammad Bello. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú ìmọ̀ wọn dé ìdí ààrò àti etí kànga ni Nana Asma'u, ọmọbìnrin Ṣéù.

Ọdún 1793 ni wọ́n bí i ní Degel, ní ilẹ̀ Gobir. Ìbejì ni òun àti arákùnrin rẹ̀, Hassan. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Haúsá, Hassana tàbí Husaina ni ó yẹ kí ọmọbìnrin tí ó jẹ́ ìbejì máa jẹ́, ṣùgbọ́n Asma'u ni baba rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ ọmọ Abu Bakr ni èyí, obìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ lọ fún Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nínú ihò àpáta nígbà híjírà. Àwọn onímọ̀ Sókótó a máa sọ pé okùn ni Ṣéù ń lọ́ tí ó fi ń jẹun. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ kì í ka iṣẹ́ ọwọ́ sí àbùkù. Ṣéù a tún máa bá àwọn àlùfáà tí wọ́n fi aya àti ọmọbìnrin wọn sílẹ̀ nínú àìmọ̀ wí kíkankíkan. Nítorí náà, kéú tí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ kọ́ ni Asma'u náà kọ́. Ó gbọ́ èdè Lárúbáwá, Fúlàní, Haúsá, àti ti àwọn Tuareg.

Ọmọ nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí wọ́n ṣí kúrò ní Degel lọ sí Gudu ní ọdún 1804, tí ogun sì bẹ̀rẹ̀. Kí ogun náà tó parí ni wọ́n ti fi í fún Gidado, ọ̀rẹ́ Bello, ẹni tí ó di Wasíírì Sókótó lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1820, ó kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá, Tanbih al-Ghafilin. Ó lè dúró síbẹ̀, kí ó máa kọ̀wé fún àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì wà.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ogun kó jọ sí Sókótó àti àwọn abúlé rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú àti opó tí wọ́n wá láti ilẹ̀ tí a ṣẹ́gun. Wọn kò gbọ́ Lárúbáwá, wọn kò mọ bí a ti ń ṣe àlùwàlá, bòòrí ni wọ́n sì mọ̀ pé ó ń wo àìsàn. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, Ìsìláámù wọn kò ní ju orúkọ lọ. Wọn kò lè wá jókòó sí ilé kéú láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí ọkà ń bẹ láti gún, omi ń bẹ láti pọn, ọmọ sì ń bẹ lẹ́yìn. Bébà náà kò wọ́pọ̀.

Ohun tí Asma'u ṣe kò gba owó púpọ̀. Ó sọ ẹ̀kọ́ di orin. Ẹni tí ó ń gún ọkà lè máa kọ ọ́, tàdáwà àti kálámù kò sì pọn dandan. Ó kó orúkọ súrà 114 inú Àlùkùránì sínú orin kúkúrú kan, ó sì ṣe é ní Fúlàní, Haúsá àti Lárúbáwá. Ní ọdún 1831, ó túmọ̀ orin baba rẹ̀, Tabbat Hakika, láti Fúlàní sí Haúsá. (Wákà tí àwọn ìyá wa ń kọ níbi wàlíímọ̀, láti inú ọ̀rọ̀ Haúsá tí ó ń jẹ́ orin ni orúkọ rẹ̀ ti wá.)

Ní nǹkan bí ọdún 1830, ó kó àwọn obìnrin abúlé jọ sí ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Yan Taru. Àwọn àgbà obìnrin tí wọ́n ti kọjá ọjọ́ orí ìbímọ àti àwọn ọmọdébìnrin tí wọn kò tíì wọ ilé ọkọ ni ó máa ń rin ìrìnàjò wá sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ilé kò ní dàrú bí wọ́n bá jáde. Jaji ni olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, orúkọ tí wọ́n ń pe aṣáájú àwọn oníṣòwò tí ń rin ọ̀nà jíjìn. Wọ́n máa ń gbé ọrẹ wá, Asma'u a sì pín in fún aláìní. Wọn a kọ́ orin tuntun lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn a sì padà lọ kọ́ àwọn tí kò lè jáde nílé.

Akẹtẹ̀ ni ó fi dá Jaji lọ́lá, tí ó we aṣọ pupa mọ́ ọn. Níhìn-ín ni mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀ jù lọ. Ní Gobir, irú akẹtẹ̀ yìí jẹ́ àmì oyè Inna, olórí àwọn obìnrin bòòrí. Asma'u kò sun akẹtẹ̀ náà níná. Ó gbé e lé orí olùkọ́ Àlùkùránì. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún un láti kékeré kò nílò àlàyé.

Kò yẹ kí a fi òtítọ́ kan pamọ́. Ilé Wasíírì tóbi, àwọn ẹrú sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àyè tí Asma'u rí láti kọ̀wé àti láti kọ́ ènìyàn, apá kan rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Àwọn òǹkọ̀wé tí ń yìn ín kì í sábà dúró lórí èyí.

Nígbà tí Bello kú ní ọdún 1837, ó kọ orin arò fún un, kò sì dẹ́kun iṣẹ́. Ó wà láàyè lẹ́yìn ikú Gidado pàápàá, ó sì ń kọ̀wé títí di ọjọ́ ogbó. Ó kú ní ọdún 1864. Maryam, àbúrò rẹ̀, ni ó gba àbójútó Yan Taru. Àwọn orin rẹ̀ tí ó lé ní 50 wà nípamọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹbí, títí Wasíírì Junaidu fi ṣí àpótí ìwé náà fún Jean Boyd, tí òun àti Beverly Mack sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1997. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà tó jáde, àwọn obìnrin kan ní àwọn abúlé Sókótó ti ń kọ díẹ̀ nínú wọn láti orí wá, bí àwọn ìyá wọn ti kọ́ wọn.