Wilbur Wright àti Ìṣirò Ìyẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú

Gbogbo wa ni a mọ bí a ti í wọn ojú ilẹ̀ yàrá ẹ̀kọ́: gígùn lọ́nà ìbú, ó parí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé ìṣirò lè pé pérépéré, kí ó sì tún tan ẹni tí ó ṣe é jẹ. Ìtàn Wilbur Wright fi èyí hàn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù April, ọdún 1867, ni a bí i ní Indiana, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bíṣọ́ọ̀bù ni Milton, bàbá rẹ̀. Wilbur kò lọ sí yunifásítì, kò sì gbéyàwó. Òun àti Orville, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n jọ ń ta kẹ̀kẹ́ ológeere, tí wọ́n sì ń tún un ṣe ní ìlú Dayton. Ní ọdún 1896, Otto Lilienthal ará Jámánì, ẹni tí ó ti fi ìyẹ́ fò lọ́pọ̀ ìgbà, já bọ́ láti òkè, ó sì kú. Ikú náà ni ó mú kí Wilbur bẹ̀rẹ̀ sí ronú gidigidi lórí fífò.

Ó mọ̀ pé ohun mẹ́rin ni ó ń pinnu ìwúwo tí ìyẹ́ lè gbé: ìwọ̀n ojú ìyẹ́ náà, ìyára afẹ́fẹ́, ìrísí ìyẹ́, àti nọ́mbà kan, 0.005, tí àwọn ènìyàn gbà láti ọwọ́ John Smeaton ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1759. Ní ọdún 1901 ó ṣe ìyẹ́ méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 22, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 7. Nítorí náà, 22 lọ́nà 7 jẹ́ 154, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ 308. Nígbà tí ó yọ àyè tí ènìyàn yóò dùbúlẹ̀ sí àti àwọn ibi tí a gé kúrò, ó ku ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 290. Ìṣirò náà kò ní àbùkù. Síbẹ̀, ní etíkun Kitty Hawk, agbára tí ìyẹ́ náà fi gbé nǹkan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ìwé wí. Ọkàn Wilbur rẹ̀wẹ̀sì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹlòmíràn ìbá kàn fi kún ìwọ̀n ìyẹ́ náà. Àwọn arákùnrin yìí kan àpótí gbọọrọ, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, wọ́n sì dán ìyẹ́ kékeré bí 200 wò nínú rẹ̀. Wọ́n tún yẹ ohun tí wọ́n rí ní etíkun wò, wọ́n sì mọ̀ pé nọ́mbà àtijọ́ ti pọ̀ jù: nǹkan bí 0.0033 ni ó tọ́. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé ìyẹ́ tóóró tí ó gùn sàn ju ìyẹ́ kúkúrú tí ó gbòòrò, bí ìwọ̀n ojú wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ní ọdún 1902 wọ́n ṣe ìyẹ́ tuntun: gígùn 32, ìbú 5, ojú gbogbo rẹ̀ 305. Ìyẹ́ yìí kò já wọn kulẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù December, ọdún 1903, ọkọ̀ wọn tí ó ní ẹ́ńjìnì, tí ojú ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ 510, gbéra nílẹ̀. Orville ni ó kọ́kọ́ fò. Wilbur ni ó fò jìnnà jù lọ, ẹsẹ̀ bàtà 852. Ibà táífọ́ọ̀dù ni ó pa á ní ọjọ́ 30 oṣù May, ọdún 1912, ní ẹni ọdún 45.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wilbur kò gan àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ wọn ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà á láìdán an wò. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan bá bi wá léèrè lọ́la ibi tí nọ́mbà inú ìwé ti wá, ẹ má ṣe jẹ́ kí a bá a wí. Ẹ jẹ́ kí a bá a wá a.