Àyìndé Bákàrè, onígìtá tó kọrin ilé

Ọdún 1912 ni wọ́n bí Àyìndé Bákàrè ní Òkèsúnà, ládùúgbò Lafiaji, nílùú Èkó. Ọmọ agboolé Ajíkòbí ní Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, Lafiaji sì ni ilé ìyá rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Kátólíìkì ló lọ, bẹ́ẹ̀ orúkọ Mùsùlùmí ló ń jẹ́; ìyẹn kì í ṣe ohun àjèjì fún ẹnikẹ́ni tó mọ Èkó, Àjàṣẹ́ tàbí Ifangni. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kíkàn. Iṣẹ́ tó níyì nìyẹn. Ẹni tó bá gbé gìtá kọ́ èjìká káàkiri òde ìnáwó, alágbe ni àwọn àgbà ń pè é, wọn kì í sì í fi ṣe àpọ́nlé.

Orin oríṣiríṣi ló kún Èkó tó dàgbà sí. Àwọn Kru láti Làìbéríà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ń gbé gìtá láti èbúté kan dé èkejì. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń ta á, ibi tí wọ́n bá sì gúnlẹ̀ sí ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń wò wọ́n kọ́. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ní ìlù onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní sáńbà, irú èyí tí a ṣì ń gbọ́ nínú eré Búríyàn ní Àjàṣẹ́. Ní ilé ẹmu ni gbogbo rẹ̀ ti ń pàdé.

Ní 1935, Bákàrè wọ ẹgbẹ́ Túndé King, ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ jùjú ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹgbẹ́ jùjú ìgbà náà kéré: ẹni tó ń ta gìtá tàbí bánjò tó sì ń lé orin, ẹni tó ń lu jùjú, ìyẹn ìlù pẹlẹbẹ tó ní ṣaworo létí, ẹni tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, bóyá ẹnìkan sí i tó ń gbè. Bánjò kékeré ni Bákàrè náà fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó sì di 1937, ilé-iṣẹ́ HMV, àwọn alájá tó ń gbọ́ gíramafóònù, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn rẹ̀ sínú àwo.

Àwo ayé ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Orin òde ìnáwó kì í tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó máa ń ti ìrọ̀lẹ́ wọ òru. A ó ki olóde, a ó ki bàbá rẹ̀, a ó ki àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àwọn ènìyàn á sì máa náwó. Nínú àwo, olórin gbọ́dọ̀ mú ìwọ̀nba oríkì àti òwe kan tàbí méjì, kó sì mọ ibi tí yóò ti dákẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín. Ẹni tí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, kíá ni àṣírí rẹ̀ tú.

Ohun tí gìtá ń ṣe nínú orin bẹ́ẹ̀ kò le. Kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe ohùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a tẹ̀ papọ̀ kí wọ́n dún lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì tàbí mẹ́ta péré ni jùjú àtijọ́ sábà máa ń lò: bí orin bá gbéra lórí dò, yóò kàn dé fà, yóò dé sol, yóò sì padà sílé. Ọmọdé tó bá fara balẹ̀ lè mọ̀ ọ́n tẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣòro wà níbòmíràn. Dò, re, mí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ wa fúnra rẹ̀ ti ní orin nínú. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ọkọ ìyàwó á di ọkọ́ tí a fi ń roko. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá lórí ohùn àwọn òyìnbó nìyẹn. Olórin jùjú kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú, gìtá ń tẹ̀ lé e. Òun lé, àwọn tó kù gbè.

Ní 1949, Bákàrè ṣe ohun tí onijùjú kankan kò tíì ṣe: ó so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ẹnikẹ́ni lè rò pé ẹ̀rọ òyìnbó ni yóò wá lé ìlù wa jáde, ṣùgbọ́n òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó dé, gángan méjì tó láti bo gìtá mọ́lẹ̀ pátápátá, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ jùjú fi ń lo ìlù tí kò pariwo. Nígbà tí gìtá ti lóhùn, àyè gba gángan, ó gba àwọn ìlù mìíràn pẹ̀lú, ègbè sì pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń jẹ́ Meranda Orchestra, wá tóbi ju ti àárọ̀ lọ dáadáa. Ní ọdún 1950 sí 1959, orin rẹ̀ tún jáde lórí àwo Melodisc ní Lọ́ńdọ̀n, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé nílẹ̀ òyìnbó ti ń rà á.

Láàárín àkókò yẹn kan náà, ní 1954, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ ní São Paulo, ní Brazil, láti sọ ohun tí orin ìbílẹ̀ jẹ́. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fẹnu kò lé lórí: kí orin ní gbòǹgbò láti àtijọ́, kí ó máa yí padà lẹ́nu àwọn tó ń kọ ọ́, kí ó sì jẹ́ pé àwùjọ ló yan èyí tí yóò kù. Wọn kò ka irú ohun èlò mọ́ ọn. Àwo Bákàrè kò lè yege pátápátá lójú òfin yìí, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò fara sin, ọjà sì ni. Oríkì inú rẹ̀ ńkọ́? Òwe ńkọ́, àti lílé òun gbígbè? Àwọn ìyẹn ti wà kí wọ́n tó bí i, wọ́n sì ń yí padà lẹ́nu rẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn tó ń jiyàn lórí gìtá lásìkò ọdún ìbílẹ̀ fi ojú sí ibi tí ọkùnrin yìí ti ṣiṣẹ́. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìnkú àgbà, ìṣílé: òde àríyá ni. Orin tí a ń kọ níwájú ojúbọ ní ìlù tirẹ̀ àti àwọn tó ni í. Jùjú kò bá wọn du ibẹ̀.

Bákàrè kú ní 1972, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Nígbà náà, Ebenezer Obey àti Sunny Adé ti gba ìgboro. Gìtá kan ṣoṣo tí òun fi bẹ̀rẹ̀ ti di mẹ́ta, mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ tiwọn, gángan sì wà níbẹ̀, ó ń ki àwọn ènìyàn.